Àrokò àti Agbálẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìgbọ́nà, ní Òṣogbo, wọ inú ṣọ́ọ̀bù oògùn mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í mú lápá. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Omi ń dà lójú rẹ̀, òógùn ti mú kí bùbá rẹ̀ rin gbingbin, inú sì ń lọ́ ọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀: ọmọlójú méjèèjì ti súnkì bí ojú abẹ́rẹ́. Mo wá wo apá rẹ̀, àyà mi sì já. Ẹran apá náà ń fò fírí-fírí lábẹ́ awọ, bẹ́ẹ̀ ìyá kò gbé apá, kò sì mì í.

"Ìyá, kí lẹ fọwọ́ kàn lónìí?"

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. Kòkòrò ti wọ àpò ẹ̀wà mẹ́fà ní ìsọ̀ wọn. Ìyá ra oògùn kòkòrò olómi, ó bù ú sínú abọ́, ó fi ọwọ́ lásán pò ó mọ́ ẹ̀wà náà. Ìsọ̀ náà kò ní fèrèsé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra kí òórùn rẹ̀ má baà lé oníbàárà. Ó tó wákàtí méjì tó fi wà níbẹ̀.

A bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lẹ́yìn káńtà, a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ọwọ́, apá àti ojú rẹ̀, mo di ìgò oògùn náà sínú ọ̀rá, mo ní kí wọ́n gbé e dání fún àwọn dókítà, ọkọ̀ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tètè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá dúpẹ́, ó gbé kóńgò ẹ̀wà olóyin kan wá fún mi. Ó jókòó, ó wò mí títí, ó ní: "Ọmọ mi, mi ò mu ún. Mi ò tọ́ ọ wò. Báwo ni ohun tí mo dà sára ẹ̀wà ṣe mú mi lẹ́nu, ó mú mi lójú, ó mú mi nínú, ó mú mi lápá, lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ọdún 26 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ apòògùn òyìnbó, n kò rántí ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù èyí lọ láti ẹnu oníbàárà. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, kí n sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ohun púpọ̀ ni àwa Yorùbá ń pè ní iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Ohun tó le gírígírí lẹ́yìn orúnkún, iṣan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́nrán tín-ín-rín tó ń mú ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, tó sì ń mú àṣẹ láti ọpọlọ padà wá sí ara. Ti ìkẹyìn yìí ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní iṣan ìmọ̀lára. Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di í, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn kan sì tó bílíọ̀nù 86.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò so mọ́ ara wọn bí wáyà iná. Àlàfo wà láàárín ọ̀kan àti èkejì níbi tó pọ̀ jù lọ. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 50,000, ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni ìbú àlàfo náà. Níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti pàdé ẹran ara, ó fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré, àmọ́ àlàfo ni. Iná tó ń gbé ìròyìn sáré bọ̀ láti òkè dé etí rẹ̀, ó dúró. Kò lè fò ó. Bí ọ̀rọ̀ yóò bá kọjá, àfi kí a fi àrokò ránṣẹ́.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí àrokò jẹ́. Bí ẹnì kan bá sín owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi í ránṣẹ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni yẹn ń fà sí òun, nítorí ẹfà ni. Bí òòyà bá dé, a mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ti yà. Ẹni tó gbé e kò sọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó gbé dání ni ọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti inú ara. Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tú èròjà kan sínú àlàfo, èròjà náà léfòó kọjá, ó dé ara sẹ́ẹ̀lì kejì, ìyẹn sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Oríṣiríṣi àrokò ló wà nínú ara. Èyí tí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́wà kàn ni acetylcholine.

Àrokò kan yìí ń lọ sí ilé púpọ̀, bí ilé kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá dé ẹran ẹsẹ̀, ó túmọ̀ sí "sún kì". Bó bá dé ọkàn, ó túmọ̀ sí "rọra". Ní ibi tí itọ́ ti ń wá, "tú jáde" ni. Ní ìfun, "fún pọ̀". Nínú ojú, ó ní kí ọmọlójú kéré. Ìdáhùn àkọ́kọ́ fún ìyá nìyẹn: kì í ṣe àìsàn márùn-ún ló mú yín lẹ́ẹ̀kan. Àrokò kan ṣoṣo ló dàrú, gbogbo ilé tó ń gbà á ló sì pariwo.

Ta wá ló ń bójú tó àrokò náà? Purotéènì ni. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà ni ọkàn wa ń lọ sí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ara kì í lo ẹ̀wà bí ẹ̀wà. Ó ń fọ́ purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi wẹ́wẹ́ náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bátànì ara rẹ̀: òmíràn rí bí okùn, òmíràn bí ẹnu ọ̀nà, òmíràn bí àtẹ́lẹwọ́ tó ká. Bátànì náà ló ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ní etí àlàfo tí mo sọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni kí a mọ̀: àwọn afiránṣẹ́, àwọn oníbodè, àti agbálẹ̀.

Àwọn afiránṣẹ́ ló wà ní etí ìhín. Inú àpò kéékèèké ni wọ́n ń kó àrokò sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àpò kan. Purotéènì tó rí bí okùn wà lára àpò, irú rẹ̀ wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí iná bá dé, kálísíọ̀mù wọlé, purotéènì kan tó ń ṣọ́ kálísíọ̀mù gba ìró rẹ̀, àwọn okùn náà lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n fa àpò mọ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí, àrokò tú síta. Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Rothman, Schekman àti Südhof ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2013 nítorí pé wọ́n tú àṣírí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀ lákòókò tó yẹ.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí okùn yìí bá já, mo ti fi ojú rí i kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kan wá. Abẹ tí wọn kò sè ni wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀. Kò lè mu ọmú mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ há, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi nǹkan kan ilẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á tún le gan-an. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Ọmọ náà kò yè. Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ní Padua, ní Ítálì, fi hàn pé oró tẹ́tánọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀bẹ: ó ń gé okùn kan nínú àwọn okùn tí mo sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní synaptobrevin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó sì ń gé e nínú wọn jù ni àwọn tó ń fi àrokò ìdákẹ́ ránṣẹ́, àwọn tó ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹran ara pé "ó tó, dẹ̀". Àṣẹ "sún kì" ń lọ, àṣẹ "dẹ̀" kò lọ mọ́. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mú èyí lọ́wọ́, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi: nínú ara, ìdákẹ́ náà iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣe é.

Àwọn oníbodè ló wà ní etí ọ̀hún. Lára ẹran wa, purotéènì márùn-ún ló tò yípo di ẹnu ibodè kan. Ibodè náà á wà ní títì títí àrokò méjì yóò fi bọ́ sí àyè tí a gbẹ́ fún wọn. Nígbà náà ni yóò ṣí, sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, yóò ya wọlé, ẹran yóò sì sún kì. Àìsàn kan wà tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn máa ń gbógun ti àwọn oníbodè yìí. Lówùúrọ̀, ara ẹni náà dá. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wọlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ láti jẹ iyán. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àrokò dé, kò rí ẹni gbà á.

Ó wá ku agbálẹ̀, òun sì ni ọ̀rọ̀ ọjà Ìgbọ́nà dá lé lórí. Ẹ wo bí onígángan ṣe ń fún ọ̀sán ìlù. Ó fún un, ohùn lọ sókè. Ó dẹ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Bó bá fún un tí kò dẹ ẹ́ mọ́, ariwo la ó máa gbọ́, a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Bákan náà, bí àrokò bá ti jíṣẹ́ tán, kò gbọdọ̀ dúró sínú àlàfo. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gbá a lọ: acetylcholinesterase. Ó rí bí àtẹ́lẹwọ́ tó jìn. Àrokò bọ́ sínú rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó jù ú sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ẹyọ agbálẹ̀ kan lè fọ́ àrokò tó ju 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Apá kan nínú ohun tó fọ́ yóò padà sí sẹ́ẹ̀lì tó fi í ránṣẹ́, wọn yóò sì fi ṣe àrokò tuntun. N kò mọ agbálẹ̀ ọjà kan tó yára tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń tọ́jú ohun tó gbá.

Ilẹ̀ wa níbí ni ayé ti kọ́kọ́ rí ohun tó lè di agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́. Ní Calabar, láàárín àwọn Ẹ́fíìkì, èso igi kan wà tó jọ ẹ̀wà ńlá, esere ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ ni wọ́n ń fún jẹ: bó bá bì í, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì kó èso náà lọ sí Scotland. Ní ọdún 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison ní Edinburgh jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn. Nígbà tó rí i pé agbára ń lọ lára òun, ó gbé omi tó fi fá irùngbọ̀n mu kí ó lè bì, ìyẹn ló sì yọ ọ́. Thomas Fraser, tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Òun ló ṣàlàyé bí oògùn kan tó ń jẹ́ atropine àti oró esere ṣe ń tako ara wọn. Ní ọdún 1864 ni wọ́n yọ oró náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní physostigmine. Orúkọ rẹ̀ kejì ni eserine, ọ̀rọ̀ Ẹ́fíìkì tó wọ ìwé oògùn gbogbo ayé. Ní ọdún 1935, Percy Julian, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà wà lóko ẹrú, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ láìlo èso.

Èso yìí kan náà ló ran onímọ̀ kan, Otto Loewi, lọ́wọ́. Ní Graz, ní Ọ́síríà, ó lá àlá ní òru kan, ó kọ ọ́ sórí ìwé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò lè ka ohun tó kọ. Òru kejì, àlá náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró, ó dìde, ó lọ sí ilé ìwádìí rẹ̀. Ó mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì, ó mú kí iṣan ìmọ̀lára dẹ ìlù ọkàn ti àkọ́kọ́, ó sì bu omi tó yí i ká sórí ìkejì. Ìkejì náà rọra, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣan kankan tó sọ fún un. Àrokò ti wà nínú omi. Ọdún 1921 ló tẹ èyí jáde. Ní 1926, òun àti Navratil, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé nǹkan kan nínú ara ń fọ́ àrokò náà, àti pé bí wọ́n bá fi eserine sí i, fífọ́ náà á dúró. Agbálẹ̀ ni wọ́n rí, ohun tó sì fi í hàn wọ́n ni èso Calabar. Ní ọdún 1936, òun àti Henry Dale pín ẹ̀bùn Nobel.

Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré, tó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, oró yìí di oògùn. Ní ọdún 1934, Dókítà Mary Walker, ní Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, fún aláìsàn tí oníbodè rẹ̀ ti dín kù ní physostigmine. Agbálẹ̀ rọ ọwọ́ díẹ̀, àrokò pẹ́ díẹ̀ sí i nínú àlàfo, ìwọ̀nba oníbodè tó ṣẹ́kù sì ráyè gbà á. Ìpéǹpéjú aláìsàn náà gbé sókè. Lónìí, mo máa ń ka oògùn tí wọ́n mú láti inú ìmọ̀ yẹn sínú pákéètì fún àwọn oníbàárà mi. Mo tún ń ta donepezil fún àwọn tí ìrántí àgbà ń ṣá. Òun náà ń rọ ọwọ́ agbálẹ̀ inú ọpọlọ, kí àrokò tó ti dín kù níbẹ̀ má baà tètè lọ. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ agbálẹ̀ yìí, ohun tí mo ń fi ọwọ́ mi wọ̀n lójoojúmọ́ ni mò ń sọ.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní ìtàn tirẹ̀ nípa oúnjẹ àti iṣan ìmọ̀lára. Lásìkò òjò, àwọn ènìyàn máa ń ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ wọn kì í gbé wọn dúró mọ́, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ẹnu kan ọtí. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, àti Wright ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde ní ọdún 1958. Ó pẹ́ kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ní 1993 ni Dókítà Adámọ́lékún tọ́ka sí kòkòrò kan tí àwọn ènìyàn ń yan jẹ, ọ̀kan nínú ẹbí kòkòrò tó ń hun òwú sányán. Purotéènì kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ìdáná kì í sì í tètè pa á. Láìsí B1, àwọn purotéènì tó ń sọ oúnjẹ di agbára fún ọpọlọ kò lè ṣiṣẹ́, pàápàá lára ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀bà àti àmàlà nìkan ló ń rí jẹ. Ní 1994, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé B1 lásán, oògùn tí kò wọ́n, ń gbé aláìsàn náà dìde. Wọ́n rí ìdáhùn nítorí pé wọ́n béèrè pé, "Kí lẹ jẹ?" Ìbéèrè yẹn àti èyí tí mo bi ìyá ẹlẹ́wà, ọ̀kan ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìgbọ́nà. Oògùn kòkòrò tí àwọn ènìyàn sábà máa ń dà sí ẹ̀wà ni dichlorvos, tí àwọn kan mọ̀ sí DDVP. Irú rẹ̀ tún wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà kiri ní ọ̀tápiàpià. Kòkòrò ẹ̀wà ní agbálẹ̀ nínú iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ bí tiwa. Dichlorvos bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ agbálẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Agbálẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é lò mọ́. Àrokò ń kó jọ. Ní ti kòkòrò, ó kú. Ní ti ènìyàn, ẹ ti rí i: itọ́, omijú, òógùn, inú rírun, ọmọlójú tó súnkì, ẹran tó ń fò. Bó bá pọ̀ jù, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, ẹran tí a fi ń mí á rẹ̀, ẹ̀mí á sì bọ́. Oògùn náà kò mọ̀ pé kòkòrò ni wọ́n rán òun sí. Agbálẹ̀ ló mọ̀, ibikíbi tó bá ti bá a. Kò sì dìgbà tí a bá mu ún: awọ ń fà á wọlé, èémí náà ń gbé e wọlé. Ìdáhùn kejì fún ìyá nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí. A ń jẹ ẹ̀wà kí ara lè rí ohun tí yóò fi kọ́ agbálẹ̀, oníbodè àti okùn. Olówó ń jẹ ẹ́, tálákà gbẹ́kẹ̀ lé e, òun la ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú. Ara ẹ̀wà yẹn gan-an la wá ń da ohun tó ń di agbálẹ̀ lọ́wọ́ sí. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ẹnubodè wọn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó wà lókè òkun kọ̀ ọ́, àwa ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, NAFDAC pàṣẹ kí wọ́n má ṣe ta ìgò kékeré rẹ̀, ti 100 mílílítà, ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Àṣẹ dára. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kì í lé kòkòrò kúrò nínú àpò ẹ̀wà, ẹni tó sì fi owó àjọ ra ẹ̀wà kò ní jókòó máa wò kí kòkòrò jẹ owó rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà mi ò bá ìyá wí. Mo fi ọ̀nà mìíràn hàn án.

Kòkòrò ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, á kú, ẹyin rẹ̀ kò sì ní dàgbà. Kí a sá ẹ̀wà sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí a dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, kó kún dé ọrùn, kí a dé e pinpin, kí a má ṣí i títí di ọjọ́ tí a ó tà á. Fún ẹni tó ní àpò púpọ̀, àpò onípele mẹ́ta wà, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ṣiṣẹ́ ní Cameroon. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò kan, a ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu dáadáa. Kò sí oró nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó pa kòkòrò níbẹ̀ kò kan agbálẹ̀ wa.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé oògùn kòkòrò ti mú ẹnì kan, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé e jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn án, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ tiyín, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Atropine tí wọn yóò fún un á di etí àwọn ilé tí àrokò ń kígbe sí, pàápàá ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Oògùn kejì, pralidoxime, ń gbìyànjú láti ṣí àtè náà kúrò lọ́wọ́ agbálẹ̀. Bí wákàtí bá ti ń lọ, àtè ń gbẹ, agbálẹ̀ tó bá sì ti gbẹ mọ́ ọn kò ṣe é gbà sílẹ̀ mọ́. Ó di ìgbà tí ara bá kọ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ sáré.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì yín pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí, abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé ìwọ́. Okùn tí oró yẹn ń gé, oògùn kan kò lè so ó padà.

Ìyá ẹlẹ́wà ṣì wà ní Ìgbọ́nà. Kẹ́ẹ̀gì ogún ló tò sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ti gé fèrèsé sára ògiri, ó sì ti kọ́ mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé ṣé ẹ̀wà náà kò ní kòkòrò, á ṣí ìdérí, á ní kí ó bu ú wò, kí ó gbóòórùn rẹ̀. Èmi náà ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: bí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́wà, ẹ béèrè ohun tó fi tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye tí kóńgò kan jẹ́.